Ọ̀rọ̀ Tó Gbẹ̀yìn Gbólóhùn

Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé "Ik ben bang," Ìyàwó dìde lórí àga, ó lọ wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo ilé ìdáná, ó wo fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Kò rí ohun tó já bọ́, kò rí ohun tó fọ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, bang ni ìró ohun tó bá dún gbàmù. Ó padà sí pálọ̀, ó mi orí, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe pé kò sí ohun tó dún o, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyá àgbàlagbà náà tẹjú mọ́ ọn, omi ń jáde ní ojú kan ṣoṣo tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó tún un sọ: "Ik ben bang." Ìyàwó tún lọ wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó ni gbogbo ilé ọkọ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ilé ọkọ náà kò ju ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ lọ. Kó tó dé ilé ọkọ, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ ọ́ ní Àǹtí Gírámà, àbúrò rẹ̀ obìnrin gbọ́, ó sì gba orúkọ náà mọ́ wọn lẹ́nu, títí dòní kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ẹni tó bá ń kí Àǹtí Gírámà gan-an gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, kó má lọ di pé ó ń tún ìkíni ṣe fún un. Ìwà kan sì tún wà lára rẹ̀ tí àwọn ọmọ náà kórìíra: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn níwájú rẹ̀ kì í parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ló máa ń bá a parí ẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń jù bí ẹni tó ń sọ pé ó yá, ó yá, mo ti gbọ́.

Ọkọ tó fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀ tó ti kú, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Òyìnbó, ọmọ àwọn ará Họ́láǹdì tí wọ́n ń sọ èdè tí ayé ń pè ní Dọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ pẹ́ tí obìnrin náà ti kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ilé alájà púpọ̀ ló ń gbé, lókè téńté, níbi tí èèyàn ti ń wo orí àwọn tó ń kọjá ní títì bí ẹni tó ń wo ẹ̀wà lórí àtẹ. Ìlú tí ilé náà wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èèyàn ń sọ níbẹ̀, ìdí nìyí tí ọkàn Ìyàwó fi balẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀? Ìyẹn ti parí.

Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ara wọn dáadáa. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ra, wọn ò sì jà. Ìyá náà a máa fi imú sọ "ẹ káàárọ̀," Ìyàwó a rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá ń ya irun rẹ̀ níwájú dígí, òòyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè gbé e. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó gba apá ọ̀tún, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, ó sì gba ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè gbà. Nígbà tí ohùn padà sí i lẹ́nu ní ilé ìwòsàn, èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá a padà. Ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ náà ti lọ. Èdè tó fi ṣe ọmọdé nìkan ló kù. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ó lè padà, ó sì lè má padà mọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọkọ̀ ojú omi pe ọkọ Ìyàwó. Ó gbé àpò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ ilé kan tó so mọ́ okùn lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Máa tì í o," ó ní. "Lẹ́ẹ̀kan báyìí, ẹnu àtẹ̀gùn ni mo ti bá wọn. Bí mi ò bá tètè débẹ̀, wọn ì bá ti yí dànù."

"Ta ló máa bá mi gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Ìwọ tó o gbọ́ gírámà? Àbúrò Gẹ̀ẹ́sì ni Dọ́ọ̀ṣì. Wàá máa rí i fúnra ẹ. Jọ̀ọ́, fara dà á fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ṣe di ohun ọrùn Ìyàwó. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kó lómìnira, àmọ́ ìyá ò ṣe é fi sílẹ̀ lóun nìkan, nítorí náà ibi tí ìyá bá há sí, ibẹ̀ ni Ìyàwó náà há sí. Nọ́ọ̀sì kan a máa wá láàárọ̀ láti fọ ara ìyá, á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Àkókò yẹn nìkan ni Ìyàwó fi ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì àti ẹyin. Bó bá ṣèèṣì dúró wo ọkọ̀ tó ń kọjá, yóò rántí pé nọ́ọ̀sì ní ilé mìíràn láti lọ, yóò sì tún sáré gun òkè padà. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn á padé. Pálọ̀, yàrá méjì, ilé ìdáná tóóró, àti bálíkónì kékeré tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó ti mọ ibi tí igi ilẹ̀ ti máa ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ó mọ ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí lára ògiri. Nígbà mìíràn yóò gbé ọwọ́ lé ògiri náà, bí ẹni tó fẹ́ tì í sẹ́yìn díẹ̀.

Fóònù kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ìyá bá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lẹ́yìn àga, lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Bí kò bá rí i, á sunkún títí ara rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ìyàwó kò fi fóònù sí i létí mọ́. Ohùn òun àti ti ìyá nìkan ló kù nínú ilé, kò sì sí èyí tó gbọ́ èkejì.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì wá ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti wí. Ìyá wò ó lọ́jọ́ kan tó tún wáyà rédíò so, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù, ó ní, "Jij bent slim." Inú Ìyàwó bàjẹ́. Ṣé òun ti rù tó bẹ́ẹ̀ ni? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lójoojúmọ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ó ń jẹ búrẹ́dì lé búrẹ́dì, títí bọ́tìnnì síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi kọ̀ láti padé.

Àbúrò rẹ̀ ló bá a wá olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní èdè Dọ́ọ̀ṣì lórí fóònù. Obìnrin ni, kò le, ó sì máa ń mu tíì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí ìyá bá ń sùn. Ní ọjọ́ kìíní gan-an ni Ìyàwó béèrè bí wọ́n ṣe ń sọ fún èèyàn pé kò rù.

"Ta ló ní o rù?"

"Ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní mo ti slim."

Olùkọ́ gbé ife tíì kalẹ̀ kó má bàa dà á nù. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Slim ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé. Ìyá ọkọ ẹ ń yìn ọ́ ni."

Ẹ̀rín pa Ìyàwó náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ bo ẹnu kó má bàa jí ẹni tó ń sùn. Inú ẹ̀rín náà ló ti béèrè èkejì, láìfura rárá. "Bang ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé àwọn jẹ́ bang. Mo ti wo gbogbo ilé, mi ò rí ohun tó ń dún."

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀rù ni," ó ní. "Wọ́n ń sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn."

Ìyàwó gbé fóònù kúrò létí. Ó rántí gbogbo ìgbà tó ti dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà, tó fi ẹni tí ẹ̀rù ń bà sílẹ̀ lórí àga lóun nìkan, kó lè lọ wá ìró tí kò sí. Nígbà tí ìyá jí, ó lọ jókòó tì í, ó di ọwọ́ tó kú náà mú. Ìyá wo ọwọ́ méjèèjì tó wà papọ̀ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu.

Àtìgbà náà ló ti mú ẹ̀kọ́ náà ní kíkan-kíkan. Olùkọ́ sọ fún un pé ohun tó máa dà á láàmú jù nínú Dọ́ọ̀ṣì ni ìparí gbólóhùn. "Nínú Gẹ̀ẹ́sì, o ti máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀," ó ní. "Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. A lè já ọ̀rọ̀ ìṣe sí méjì, ká fi ìdajì rẹ̀ síwájú, ká tọ́jú ìdajì tó kù sẹ́yìn pátápátá. Doe de deur... o ti gbọ́ pé ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilẹ̀kùn, àbí? Ṣùgbọ́n ó dìgbà tó o bá gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Doe de deur open, kó o ṣí i nìyẹn. Doe de deur dicht, kó o tì í nìyẹn. Má dìde kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó dé òpin."

"Mo ti gbọ́," Ìyàwó ní, kí olùkọ́ tó pa ẹnu dé.

Olùkọ́ náà kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi ń pe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, jij àti u. Ó ní u jẹ́ ti ọ̀wọ̀. Ìyàwó há èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn sórí, ó ju èkejì sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ju ẹyọ kan lọ, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Jij tó. Ó wá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé pẹ̀lú ìgbóyà: jij gbọ́dọ̀ jẹun, ṣé jij fẹ́ omi, jij má dìde. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìyá á ti ife omi sẹ́yìn, á ká ẹnu jọ, á máa ké "ù, ù," bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Ìyàwó á fún un ní oògùn ara ríro. Ìyá á tutọ́ oògùn sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni nǹkan wà nígbà tí Ìyàwó gbọ́ odindi gbólóhùn àkọ́kọ́ tó yé e fúnra rẹ̀, láìsí olùkọ́, láìsí àbúrò. Láàárọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ti dé, Ìyàwó ń wọ kóòtù láti sọ̀ kalẹ̀. Ìyá fa etí kóòtù náà, ó ní, "Ik wil je niet..." Ik, èmi. Wil, fẹ́. Je, ìwọ. Niet, kò. Ó pé pérépéré. Mi ò fẹ́ ọ.  Ìyàwó rọra já ọwọ́ ìyá kúrò lára kóòtù, ó jáde, ó sì sunkún dé orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì, ìyá tún un sọ. Nígbàkígbà tí Ìyàwó bá ti fi kóòtù sọ́rùn tàbí tó gbá ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa gbọ́. Kò dúró tì í mọ́. Bó bá ti dé niet, á ti kọjá lọ.

Ó pe àbúrò rẹ̀. "Èmi tí mo fọ ìgbẹ́ wọn láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ mi."

"Àǹtí Gírámà, ó dá yín lójú pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Èmi ni mo gbọ́ ọ. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí etí mi gbọ́ ni?"

Ó pe ọkọ rẹ̀ náà, ó sì sọ fún un pé òun ò lè dúró níbẹ̀ mọ́.  Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń hó lẹ́yìn ohùn ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ipá mú un, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà lẹ́yìn ìlú, òun á bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n dá ọjọ́ tí mọ́tò yóò wá gbé ìyá. Ìyàwó ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ láti padà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó retí pé ara máa fúyẹ́, kò fúyẹ́. Ó kàn ń rìn káàkiri inú ilé náà, ó ń ka ògiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tí mọ́tò máa dé, òjò ṣú. Ìyàwó ti gbé ọbẹ̀ ka iná, ó sáré bọ́ sí bálíkónì láti kó aṣọ. Ilẹ̀kùn gíláàsì bálíkónì náà kò ní ọwọ́ lóde, inú nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i, nítorí náà ó fi àga kékeré kan dá a dúró bó ṣe máa ń ṣe. Òtútù afẹ́fẹ́ tó fẹ́ wọlé mú ìyá. Ìyá gbé ọ̀pá, ó rọra ń bọ̀, ó fi ọ̀pá ti àga kúrò, ó sì ti ilẹ̀kùn pa. Ìyàwó gbọ́ kaṣa. Nígbà tó máa fi yíjú, ó ti bá ara rẹ̀ lóde.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rántí ọbẹ̀ tó wà lórí gáàsì. Fóònù wà lórí tábìlì. Kọ́kọ́rọ́ ilé, òun ló fi kọ́ ọrùn lóde níhìn-ín, ìyẹn ni pé bí gbogbo ará ilé náà bá tilẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn iwájú, kò sẹ́ni tó lè ṣí i fún wọn. Ó nà sórí irin bálíkónì, ó kígbe sí ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ gba ohùn náà lọ. Àwọn orí tó ń lọ ní títì kò gbé ojú sókè. Òjò bẹ̀rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ lu gíláàsì. Ó kígbe ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìyá dúró lódìkejì, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, èéfín tín-ín-rín ti ń yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Dọ́ọ̀ṣì! Ó wá a nínú orí rẹ̀, orí rẹ̀ ṣófo bí agbè. "Doe de deur," ó bẹ̀rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì sá fún un. Ó mú èyí tó sún mọ́ ọn. "Dicht! Doe de deur dicht!"

Ìyá fi orí dáhùn pé òun gbọ́. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà kó lè dì dáadáa.

"Rárá! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ah, mo gbé!" Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Dọ́ọ̀ṣì jọ ń pè bákan náà, èyí tí ọmọ jéléósinmi á mọ̀, ni òun ń wá kiri! "Open! Doe de deur open, jij! Jij, open!"

Ojú ìyá yí padà. Ó na ẹ̀yìn ró lórí ọ̀pá bí ẹni tí wọ́n bú. Ó gbé ìka kan, ó fi kan àyà ara rẹ̀, ó sì ká ẹnu jọ bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Gíláàsì pa ohùn rẹ̀, ẹnu nìkan ni Ìyàwó ń rí. U, ni ẹnu náà ń sọ. U. U.

Kò sí ohun tó ń dun ìyá. Kò tíì sí ohun tó ń dùn ún rí. Obìnrin náà ti ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fún un láti ọjọ́ yìí.

Òjò ń lù ú lórí, ọ̀rọ̀ náà sì ń yé e díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń wọ aṣọ. Jij ni ìwọ. U ni ẹ̀yin. Òun, ọmọ Yorùbá, ti dúró níwájú ìyá ọkọ òun láti ìgbà yìí wá, ó ń wí fún un pé ìwọ jẹun, ìwọ jókòó, ìwọ má dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ nílé wọn, wọ́n á ní wèrè ti mú un. Inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń wá gbogbo nǹkan, tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní èyí, ó rò pé kò sí. Ohun tó wà lẹ́nu òun láti kékeré ni kò yẹ̀ wò.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ lára gíláàsì. Ó sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ìyá lè rí ẹnu òun. "Mama. Wilt u de deur opendoen?" Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ó bá mi ṣílẹ̀kùn?

Ìyá wò ó. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì tó kù gbá irin ilẹ̀kùn mú. Ó yọ̀ bọ́. Ó tún gbá a mú. "Naar boven, mama," Ìyàwó ń wí láti òde, ẹ gbé e sókè. Irin náà lọ díẹ̀, ó padà. Èéfín ti bo orí ìyá. Ó gbé èjìká ti ọwọ́ náà, ó fi gbogbo ara kan an, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ìyàwó ré kọjá lára rẹ̀, ó pa gáàsì, ó sọ ìkòkò dúdú náà sínú omi, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Nígbà tó padà, ìyá ti jókòó sórí ilẹ̀, ó ń wúkọ́. Àwọn méjèèjì fara ti ògiri bẹ́ẹ̀, ọ̀kan tutù láti òkè délẹ̀, òórùn èéfín sì wà lára èkejì.

Lẹ́yìn tó ti pa aṣọ dà fún ìyá, Ìyàwó lọ gbé àpótí aṣọ rẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, nítorí ohun tí wọ́n ti ṣètò ti ṣètò. Ìyá rí àpótí náà. Ó di ọrùn ọwọ́ Ìyàwó mú.

"Ik wil je niet," ó ní.

Ìyàwó fẹ́ já ọwọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ìka ìyá sì le. Ó dúró. Ó rí i pé ẹnu ìyá ò tíì padé. Ahọ́n rẹ̀ ń wá nǹkan nínú ẹnu, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bọ́ sí iwájú orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí kò fẹ́ jáde. Gbogbo ìgbà ló ti ń kù, ìgbà gbogbo sì ni òun ti ń lọ.

"Kwijt," ni ìyá sọ. "Ik wil je niet kwijt."

Kò mọ̀ ọ́n. Ó pe olùkọ́ rẹ̀ láì jẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò tilẹ̀ kí i. "Kí ni kwijt?"

"Ohun tó bá sọnù mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Kí ló dé?"

"Bí èèyàn bá sọ pé ik wil je niet kwijt ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé kò fẹ́ pàdánù ẹ nìyẹn. Kò fẹ́ kó o lọ. Ta ló sọ ọ́?"

Ìyàwó ti pa fóònù.

Nígbà tí mọ́tò dé láàárọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, ó ní kí wọ́n má bínú, ìyá ò lọ mọ́. Ọkọ rẹ̀ pè, inú rẹ̀ dùn, ó ń dúpẹ́, ó ń pè é ní ìyá àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí. Ìyàwó jẹ́ kó dúpẹ́ tán. "Máà tíì dúpẹ́," ó ní. "Bó o bá dé, ìwọ lo máa gba kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́rùn mi. Mi ò ṣeré o." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn náà ṣì ń padé bó ṣe ń padé tẹ́lẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí, ó sì wá rí i pé gbígbọ́ le ju àìgbọ́ lọ. Nígbà tí kò gbọ́, ó lè bínú lọ. Nísinsìnyí, bí ìyá bá jókòó sójú fèrèsé, tó ní "Ik wil naar huis," ó mọ̀ pé ilé ni ìyá ní òun fẹ́ lọ, nínú ilé ara rẹ̀. Ó máa ń fún un lésì pé, "Èmi náà, Mama," á sì fi u sí ibi tó yẹ nínú gbólóhùn tó bá tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ wọn ń gùn sí i. Wọ́n ń jà pàápàá, lórí iyọ̀, lórí fèrèsé, lórí irun ìyá tó ní Ìyàwó ń fà le jù. Bí Ìyàwó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ìyá á ju ọwọ́ òsì bí ẹni pé ó yá, ó yá, á sì bá a parí rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ dé nígbà tí igi títì ti ń yọ ewé tuntun. Ó ti gba ìsinmi gígùn. Ní ọjọ́ kejì tó dé, Ìyàwó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní òun ń lọ nasẹ̀ lóde.

"Níbo?"

"Mi ò mọ̀."

Ó wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó dúró. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò wo orúkọ ibi tó ń lọ. Ilé ń kọjá, ṣọ́ọ̀bù ń kọjá, pápá kan kọjá, àwọn èèyàn ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun nìkan. Dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Ibi tó parí sí rèé o, Madam. Ẹ ò ní bọ́ sílẹ̀ ni?"

Ìyàwó wo òde. Títì gbòòrò, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pè é. Àsìkò tí ìyá máa ń gba oògùn ti ń sún mọ́, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ìyá kì í gbé e mì bí wọn ò bá kọ́kọ́ fọ́ ọ sínú omi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó dúró, afẹ́fẹ́ tútù kàn án lójú.

"Ẹ ó yí padà nígbà wo?" ó béèrè.

"Nísinsìnyí náà."

Ó padà lọ jókòó.